Iṣẹ́ ọnà àti ìlù ní Òṣogbo: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÒkèFìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò ni, Òṣogbo ni mo sì máa wà fún bí oṣù méjì. Orin tí rédíò àti gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń lù ti sú mi, gbogbo ẹ̀ ti di ọ̀kan náà létí mi. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà àti ìlù gan-an, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tà á fún àlejò nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n kọ́kọ́ yà sí? Ṣé mo lè gbìyànjú àdìrẹ ẹlẹ́kọ nílé láìná owó ńlá? Ṣé ilé onílù máa ń gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àyàn? Mo tún fẹ́ máa gba ohùn ìlù sílẹ̀, fóònù nìkan ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú pé ìbéèrè pọ̀.

AráÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun:

Ìbéèrè ò pọ̀ rárá, àbúrò. Inú ìlú tó yẹ gan-an lo wà.

Kọ́kọ́ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n má dúró de ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ. Èrò ọjọ́ ọdún ò ní jẹ́ kó o rí ojú ògiri kankan. Lọ lọ́jọ́ lásán, láàárọ̀ tàbí nígbà tí oòrùn bá ti ń rọ̀, torí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni ọnà ara símẹ́ńtì máa ń yọ síta. Lọ́sàn-án gangan, gbogbo ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ẹ. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé. Béèrè lẹ́nu géètì nípa àwòrán yíyà kó o tó yọ fóònù.

Má kàn rìn kọjá. Mú ère kan, dúró tì í pẹ́, kó o wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ẹni tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú ní 2009, kọ́ ló dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, ló mọ ọ̀pọ̀ nínú ti símẹ́ńtì. Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ló gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàńgbé ló gbẹ́ igi. Bó o bá rí ibi tí símẹ́ńtì ti sán, wo inú ẹ̀, wàá rí irin. Omi òjò á gba ojú sísán wọlé, irin á dípẹtà, ìpẹtà yẹn á wú, á sì ti símẹ́ńtì dànù láti inú. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àtúnṣe níbẹ̀ kì í fi í tán.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ nípa Òṣogbo ni pé ilé kan náà ni àwòrán àti orin ti jáde. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ṣí Mbari Mbayo, ilé tí àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré ti ń pàdé. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán, fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú níṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ ti yọ. Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀ kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀. Oyèlámì ń yàwòrán, ó sì ń lu dùndún débi pé ó fi ìlù ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kó o mú ọ̀kan kó o fi èkejì sílẹ̀.

Tó o bá dé ilé oníṣẹ́ ọnà, sọ pé o fẹ́ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lẹ́yìnkùlé. Lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, láàárọ̀. Tó bá wù ọ́ láti ra nǹkan, àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà ló máa ń rọjú jù. Wo ìsàlẹ̀ ẹ̀: bí wọ́n bá kọ 5/30 síbẹ̀, ìkarùn-ún nínú ọgbọ̀n tí wọ́n tẹ̀ nìyẹn. Pẹ́ńsù ló yẹ kí oníṣẹ́ fi buwọ́ lù ú. Tí ìbuwọ́lùwé bá ń dán bíi ti àwòrán fúnra ẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni.

ÌyáAláró:

Ọmọ mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣeé gbìyànjú nílé. Má ra ju yáàdì méjì lọ.

Aṣọ òwú funfun ni kó jẹ́. Fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, kó o sun ún. Tó bá di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́ tó sì di kókó dúdú líle, wọ́n ti po ọ̀rá mọ́ ọn, aró ò ní mú un. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí ohun tí ilé iṣẹ́ fi mú un le lè jáde. Kán omi sí i: tí omi bá ń yí lójú aṣọ tí kò wọlé, tún un fọ̀.

Ẹ̀kọ ẹ̀, tí kì í jẹ́ kí aró mú ibi tí a bá fi í sí, rèé: ife láfún kan tó o ti kù dáadáa, ife omi márùn-ún, ìlàjì ṣíbí ìjẹun álọ́ọ̀mù lílọ̀. Po láfún mọ́ ife omi tútù kan, kó o sẹ́ ẹ. Gbé ife omi mẹ́rin yòókù kaná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Tó bá ń hó, rọra da láfún sí i, kó o máa rò ó lórí iná kékeré títí funfun ojú ẹ̀ yóò fi lọ tí yóò sì máa dán. Álọ́ọ̀mù yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ tú nínú aró. Tó bá tutù, fi aṣọ fẹ́lẹ́ tún un sẹ́, nítorí kókó kan ṣoṣo tó bẹ́ sẹ́nu ìyẹ́ á ba odindi ìlà jẹ́. Tó o bá gbé ìyẹ́ sókè, kí ẹ̀kọ máa kán, kó má ṣàn.

Ìyẹ́ apá adìẹ la fi ń fa ìlà, ẹnu igi ìgbálẹ̀ la fi ń tọ́ àmì. Ká aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kí ojú ìká lè pín in fún ẹ, kó o wá tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó mọ́. Ojú kan ṣoṣo la ń fi ẹ̀kọ sí. Lákọ̀ọ́kọ́, mú igun kan láti inú Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn ọnà àdìrẹ, èyí tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó. Ìlà tó tọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, á sì mọ́ ọ lọ́wọ́ kó o tó dé orí ọnà Olókun tó kún fún àmì wẹ́wẹ́. Jẹ́ kó gbẹ títí yóò fi le gan-an.

Ní ti aró, ẹ̀lú gidi ló wù mí kó o fi ṣe é: ewé tí a gún, tí a ṣù, tí a sá, tí a wá rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í dá ìkòkò ẹ̀lú sílẹ̀ nítorí yáàdì méjì. Bẹ aláró kan kó jẹ́ kó o rì í sínú tirẹ̀, kó o sì sanwó. Tí aró ọjà ló bá wà nítòsí, ṣíbí ìjẹun kan aró, ọ̀kan kọ́sítíìkì sódà, méjì hydrosulphite (kẹ́míkà tí àwọn aláró ń lò), fún omi lítà márùn-ún. Kọ́sítíìkì la ń dà sínú omi o! Ẹni tó bá da omi lé e lórí, á hó, á sì ta sí i lójú. Wọ ìbọ̀wọ́, gbangba ni kó o ti ṣe é, báàkẹ́ẹ̀tì oníke sì ni kó o lò, torí kọ́sítíìkì máa ń jẹ abọ́ alumíníọ́mù. Tó bá ta sí ọ lára, omi púpọ̀ ni kó o máa dà sí i, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán.

Fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ po gbogbo ẹ̀, bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o tó fi omi tútù kún un. Tó bá ti ṣetán, inú omi náà á ní àwọ̀ ewé, orí ẹ̀ á sì máa dán bíi bàbà. Tí inú ẹ̀ bá ṣì jẹ́ búlúù, kò tíì ṣe é rì aṣọ sí; ó ṣeé ṣe kí hydrosulphite yẹn ti kú, torí afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú ọ̀rá ẹ̀ á pa á. Rì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nà án sí atẹ́gùn fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó ṣe ń jáde ni wàá rí i tí àwọ̀ ewé á di búlúù lójú ẹ. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Má fún un, má bọ̀ ọ́ rárá. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó gbẹ tán, rẹ ẹ́ sómi, fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há ẹ̀kọ kúrò, kó o sì ṣan án títí omi yóò fi mọ́.

Bí ẹ̀kọ bá tú nínú aró, omi ẹ gbóná jù, tàbí kò gbẹ tán. Ibi tí ẹ̀kọ wà lè má funfun báláú, kó jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, má torí ẹ̀ ju aṣọ nù.

ỌmọÀyàn:

Wọ́n máa gbà ọ́, àbúrò. Ìdílé Àyàn ló ni iṣẹ́ náà, orúkọ bíi Àyánkúnlé àti Àyánwálé ló sì ń fi wọ́n hàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ̀wà hù. Wá àgbàlagbà kan tó mọ̀ wọ́n kó mú ẹ lọ. Kí wọn bó ṣe yẹ, béèrè ohun tí wọ́n ń gbà, má sì yọ fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kì í ṣe ìyá ìlù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún ẹ. Gúdúgúdú tàbí ìṣaájú, àwọn ìlù tó ń ti ìyá ìlù lẹ́yìn, ni. Ìlù kan ṣoṣo ni wàá máa lù láìyẹ̀, nígbà tí ìyá ìlù bá ń sọ̀rọ̀ lókè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú: etí á tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìyá ìlù, ọwọ́ á sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Má jẹ́ kó sú ẹ. Ẹni tí kò lè di gúdúgúdú mú, ìyá ìlù ẹ̀ ò ní dúró.

Tó o bá dé orí gángan, ọwọ́ òsì ló ń fún ọsán, ìyẹn àwọn okùn ara ìlù, ọ̀tún ló mú kọ̀ǹgọ́ tí à ń fi lù ú. Tú ọsán sílẹ̀, dò nìyẹn. Fún un díẹ̀, re. Fún un dáadáa, mí. Fi orúkọ dán an wò: Òjó jẹ́ dò mí, Ìgè jẹ́ dò dò, Bọ́lá jẹ́ mí mí. Fún ọsán kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tó dún lo tó fún un, ohùn á yọ̀ gòkè, ẹni tó ń gbọ́ á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Tó o bá fẹ́ ra tìẹ, wo ara igi bóyá ó ti là, pàápàá níbi tó tín-ín-rín láàárín. Awọ ni kí ọsán jẹ́. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe ti àwọn àlejò máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Fún un, tú u, lù ú, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra. Tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ń yí padà, má rà á. Nígbà òjò, awọ á mu ọ̀rinrin, á sì dẹ̀. Oòrùn díẹ̀ ló nílò. Iná ìdáná á jẹ́ kó ya.

Fi bàtá sílẹ̀ ná. Kò ní ọsán tí à ń fún, ọwọ́ la fi ń lu ojú òjò, ìyẹn ojú ńlá, bílálà la fi ń na ṣáṣá, ìyẹn ojú kékeré, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ṣòro gbọ́ ju ti dùndún lọ. (Wọ́n ń lù ú ní Kúbà títí dòní, àmọ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n sábà máa ń fi lu ojú méjèèjì.)

ÈkóÀkéte:

Ẹ má gbàgbé Èkó o. New Afrika Shrine wà ní Ìkẹjà, Freedom Park náà wà ní Broad Street, níbi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba òyìnbó. Orin àfojúrí wà níbẹ̀ dáadáa.

AráÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun:

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ Èkó á jẹ owó ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀. Kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ná. Ìragbìjí tí Oyèlámì ti wá kò jìnnà sí i rárá.

Etígbọ́:

Fóònù tó. Ohun tó ń ba gbígbà ìlù jẹ́ ni pé áàpù tó bá fóònù wá máa ń dá ohùn gbé sókè, ó sì ń dá a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìyá ìlù bá ké, á tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á pòórá. Wá áàpù tó máa jẹ́ kó o pa ìyẹn, tó sì ń gbà á ní WAV (irú fáìlì tí kì í dín ohùn kù), 48 kHz, 24-bit. Ohùn apá méjì (stereo) fún wákàtí kan á gba bíi GB kan, nítorí náà tú àyè sílẹ̀ kó o tó jáde nílé.

Dúró ní bíi mítà mẹ́ta sí wọn, kí fóònù wà ní ìwọ̀n àyà. Má gbé e sórí tábìlì, torí ìgbọ̀nrìrì á wọlé. Má dúró síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Jẹ́ kí gúdúgúdú jìnnà díẹ̀ sí ẹ ju àwọn yòókù lọ, ohùn ẹ̀ mú gan-an. Nígbà tí wọ́n bá ń dán ìlù wò, kí èyí tó le jù má kọjá -12 dB lójú ìwọ̀n ohùn inú áàpù. Fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ bo ẹnu maíkì nítorí atẹ́gùn, kó o sì fi fóònù sí airplane mode.

Gbàṣẹ lọ́wọ́ olórí onílù kó o tó tẹ̀ ẹ́, mú owó wẹ́wẹ́ dání, torí bí wọ́n bá fi ìlù kì ọ́, o gbọ́dọ̀ na wọ́n lówó. Níbi tí wọ́n bá ti ń bọ òrìṣà, pa fóònù, àfi bí wọ́n bá fúnra wọn ní kó o gbà á.

ỌmọÒkèFìà:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Mà. Mo ti po ẹ̀kọ lálẹ́ àná. Nígbà tó gbẹ, ó sán wẹ́wẹ́, ibòmíì sì ń ṣí kúrò lára aṣọ. Ṣé álọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù ni, Mà?

ÌyáAláró:

Kì í ṣe ọ̀kan náà ni méjèèjì, ọmọ mi. Èyí tó sán ṣùgbọ́n tó ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ gírígírí, oòrùn ló tètè gbẹ ẹ́. Aró á gba ibẹ̀ wọlé, á sì fa iṣan tín-ín-rín sára aṣọ. Tó bá wù ọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ṣí kúrò ló burú. Ẹ̀kọ yẹn nípọn jù, tàbí aṣọ ò mọ́ tó. Rẹ ẹ́ sómi, há gbogbo ẹ̀ kúrò, fọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Po òmíràn, kí omi ẹ̀ fi ìlàjì ife lé ti tẹ́lẹ̀. Fi sí i fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o tún fi fẹ́lẹ́ kejì lé e. Abẹ́ òjìji ni kó ti kọ́kọ́ gbẹ, kó o tó gbé e sóòrùn, má sì ká aṣọ tó bá ti gbẹ.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò lálẹ́ àná, gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ti kan, dà á nù, kò ní mú aṣọ mọ́.