Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí ẹ̀rọ gààrí wa ṣe wọ Gánà?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo ni mo wà, lọ́nà Ìkìrun. Ẹ̀rọ gààrí là ń rọ: èyí tó ń rin pákí, èyí tó ń fún un, àti agbada ìyangààrí. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan wá láti Techiman ní Gánà, ó ra ẹ̀rọ ìrinpákí méjì. Ó ti tún pè, ó fẹ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìdajì owó ló ní lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ní Kumasi náà gbọ́, ó ní kí n fọwọ́ síwèé pé òun nìkan ni yóò máa ta ọjà mi ní gbogbo Gánà fún ọdún márùn-ún. Àna mi ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kí n lọ gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ fúnra mi. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni mo rí kó jọ. Èwo ni kí n ṣe?

Oníbodè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ṣọ́ọ̀bù. Òfin tí Gánà ṣe ní 2013 (Act 865) ní àjòjì tó bá fẹ́ máa ṣòwò ọjà títà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀, kó sì gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti yí i padà, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó náwó. Ṣé ẹ rántí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa?

Wẹ́dà Ìgbọ̀nà: Ẹ tún wò ó, Suame Magazine wà ní Kumasi níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ irin ló kún ibẹ̀. Kí ló dé tí obìnrin yẹn fi fò wọ́n kọjá wá sí Òṣogbo? Ìdáhùn yẹn lọjà yín.

Ẹni tó béèrè: Mo bi í. Ó ní rólà stainless tiwa kì í dípẹtà, gààrí òun ò sì dúdú mọ́.

Wẹ́dà Ìgbọ̀nà: Ó tán! Rólà ni kẹ́ ẹ máa kó lọ. Férémù wúwo, owó ọkọ̀ nìkan ló ń jẹ, wẹ́dà ibẹ̀ á jó o. Ẹ́ńjìnnì ò wọ́n wọn níbẹ̀.

Ìyá Elépo: Ọmọ mi, ọdún márùn-ún fún ẹni tí ò tíì ra ẹyọ kan? Owó orí ìyàwó tí o ò rí ojú ẹ̀ rí nìyẹn. Bó bá fẹ́, fún un ní Kumasi nìkan, ọdún kan, kẹ́ ẹ kọ iye tó gbọ́dọ̀ tà sílẹ̀. Ti obìnrin yẹn, mẹ́ta tó lówó rẹ̀ ni kó gbé. Mẹ́ta tó kù ń dúró dè é ní Òṣogbo.

Oníbodè: Ìwé ńkọ́? Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní NEPC, àjọ ìjọba wa tó ń rí sí ọjà títà sílẹ̀ òkèèrè, kí báńkì bá yín ṣe NXP, ìwé tí wọ́n fi ń kéde ọjà tó ń jáde nílẹ̀ wa. Ẹ wá gba ètò ETLS, ètò òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, kí wọ́n má baà gba owó ibodè lórí ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n ń forúkọ wọn sílẹ̀ o, ẹnu lásán kọ́. Bí stainless bá ti òkè òkun wá, ọ̀nà kan tí ẹ lè gbà yege ni kí ẹ fi hàn pé iye tí iṣẹ́ yín fi kún ọjà tó ìdá 30 nínú 100, nítorí náà ẹ má sọ rìsíìtì kankan nù. Ọkọ̀ yóò gba Benin àti Tógò kọjá kó tó dé Aflao lẹ́nu ibodè Gánà, ibodè mẹ́ta gbáko!

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo máa kó fún un, pẹ̀lú rólà mẹ́rin lọ́tọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ará Kumasi. Àna mi ló kù, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.