Mo fẹ́ mú bàbá mi lọ sí páàbù (ilé ọtí tó ń ta oúnjẹ) abúlé ní Lacock, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wù mí kí wọ́n rí abúlé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Lacock ní Wiltshire ni ọkàn mi fà sí. Ilé àtijọ́ ló kún ibẹ̀, National Trust, àjọ tó ń dáàbò bo ilé àti ilẹ̀ àtijọ́, ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti 1944.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ kí a jẹ ní páàbù: ẹran màlúù sísun, ọ̀dùnkún àti Yorkshire pudding (ìyẹ̀fun, ẹyin àti wàrà tí wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n sì yan). Ṣé mo gbọ́dọ̀ pe àwọn ará páàbù ṣáájú kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wa? Bàbá kì í mu ọtí rárá. Ṣé tíì tàbí omi ọsàn kò ní ṣàjèjì lójú wọn? Mo mọ̀ pé káńtà lèèyàn ti ń ra nǹkan. Èmi ni màá lọ dúró níbẹ̀, kí àgbà jókòó jẹ́ẹ́.

Ọmọ mi ọdún 6 náà ń bá wa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ọmọdé wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe gbà yín?

Èyí tó ká mi lára jù: tá a bá wọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù dé Chippenham, ìlú tó wà nítòsí Lacock, ṣé a máa rí bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Àìkú, àbí kí n ti bá onítakisí sọ ọ́? Orúnkún ń dun Bàbá, wọn ò lè rìn jìnnà.