Níbo ni dietitian Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti lè kọ́ bí a ṣe ń bọ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé?

Aǹtí_Ìpẹru
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí dietitian, onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù, ń dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n mọ oúnjẹ alátọ̀gbẹ bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ tí kò ju kílò kan àbọ̀ síwájú wọn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀nà, ẹ bá wa sọ èyí tó já gaara: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ohun tí wọ́n ń béèrè, iye wákàtí, àti ibi tó ti máa ń bà jẹ́.

Ọmọ_Alárè
Wọ́ọ̀dù ni. Ìwé ẹ̀rí á tẹ̀yìn dé.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù
Àbúrò mi, mo gbọ́, àmọ́ ẹni tí kò mọ ìṣirò kó tó wọ wọ́ọ̀dù, ìran ló máa wò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó wọn kílò 1.2. Dókítà ní kí wọ́n fún un ní 150 ml lórí kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. 180 ml nìyẹn. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, 22.5 ml lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí.

Ẹ tẹ̀síwájú. Omi ọyàn lẹ́yìn bí oṣù kan, kálórì bíi 67 àti purotéènì bíi gíráàmù 1 ló wà nínú 100 ml rẹ̀. 180 ml fún un ní kálórì 120. Ẹ pín in sí 1.2, ó di 100 lórí kílò. Purotéènì gíráàmù 1.8, ẹ pín in, ó di 1.5 lórí kílò. Ohun tí ESPGHAN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ikùn àti oúnjẹ ọmọdé ní Yúróòpù, kọ sílẹ̀ ní 2022 ni kálórì 115 sí 140, purotéènì 3.5 sí 4. Kálórì kù díẹ̀. Purotéènì kò tiẹ̀ tó ìdajì! Bí ẹ bá gbé omi ọyàn náà dé 180 ml lórí kílò, kálórì á pé 120, purotéènì á sì wà ní 1.8 níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ikùn ọmọ fi ń yó, tí ara rẹ̀ kò fi gùn, tí orí rẹ̀ kò sì tóbi bó ṣe yẹ. Fortifier, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi ọyàn kó lè lágbára sí i, ni wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn. Ẹ̀kọ́ tí kò bá kọ́ni ní ìṣirò yìí, tí kò sì kọ́ni bí a ṣe ń fi àtẹ Fenton tàbí INTERGROWTH-21st tọ ìdàgbàsókè ọmọ, ẹ má sanwó fún un.

Màmá_Ẹ̀jìrẹ́_Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀gbọ́n, omi ọyàn ìkẹyìn tó máa ń ki yẹn ńkọ́? Kò lè dí àlàfo náà?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù
Ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, mà. Ó ń fi kún kálórì, kì í fi kún purotéènì.

Nọ́ọ̀sì_SCBU
Ẹ ń ṣe ìṣirò, ta ló wo rọ́bà imú, èyí tí oúnjẹ ń gbà dé ikùn ọmọ? Bí ẹnu rọ́bà kò bá dé inú ikùn, ìṣirò yín kò dé ibì kankan. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: láti imú dé ìsàlẹ̀ etí, láti etí dé àárín ibi tí egungun àyà parí sí àti ìdodo. Ẹni tó bá dúró síbi tí egungun àyà parí sí, ẹnu rọ́bà lè dúró sínú ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ á sì máa pọ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa omi díẹ̀ jáde, ẹ kán an sórí pépà pH, èyí tó ń fi bí omi náà ṣe kan tó hàn. 5.5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni ti ikùn.

Ọmọ_Alárè
Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tì sí i, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́yà gbọ́ ọ ní ikùn? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ọ̀gá ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì_SCBU
Wọ́n ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ara ọmọ kéré, bí rọ́bà bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ máa gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ náà ní ikùn. Ẹ kọ pépà pH sínú ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ọsibítù. Owó rẹ̀ kò tó owó ìtọ́jú ọmọ kan tí wàrà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ọmọ_Akárìgbò
Ẹ ṣeun fún èyí o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka oúnjẹ kì í gbọ́ ọ rárá.

Bọ̀dá_Òde
Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí Aǹtí bá wa sọ̀rọ̀ dé. Ẹ fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Southampton ní ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ìtọ́jú ọmọ tí àìjẹunrekánú mú. Yunifásítì LMU tó wà ní Munich ní Jámánì ní Early Nutrition eAcademy. WHO ní Essential Newborn Care Course, UNICEF náà ní Agora, ojúlé ẹ̀kọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà nípasẹ̀ olórí ẹ̀ka yín sí ọsibítù tó ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun: OOUTH ní Ṣàgámù, Babcock ní Ìlíṣàn, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ má kọ “mo fẹ́ kọ́ṣẹ́” lásán. Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀, ẹ sọ wọ́ọ̀dù, ẹ sì sọ ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe kí ẹ tó kúrò: ìṣirò oúnjẹ ọmọ lójoojúmọ́, pípo oúnjẹ ní yàrá wàrà, àti fífi àmì sórí àtẹ ìdàgbàsókè. Lẹ́tà tó ṣe pàtó máa ń rí ìdáhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ọmú gan-an, IBCLC, ìwé ẹ̀rí àgbáyé ti àwọn olùgbani-nímọ̀ràn lórí fífún ọmọ lọ́mú, ni kó lọ. Wákàtí ẹ̀kọ́ 95 ni. Dietitian wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n gbà wọlé, nítorí náà wákàtí 1000 nínú ọdún 5 ló máa fi bá àwọn ìyá ṣiṣẹ́ kó tó jókòó ìdánwò. Bó bá rí olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí tó ń dúró tì í, 500 ni. Ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́, ibi, iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹni tó bá ní òun á kọ ọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀, á pàdánù ìdajì rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Bọ̀dá, CSP ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n ń polówó rẹ̀ káàkiri WhatsApp.

Bọ̀dá_Òde
Ìwé àwọn amọ̀ṣẹ́ nínú oúnjẹ ọmọdé ni, CDR, àjọ tó ń forúkọ dietitian sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe ìdánwò rẹ̀. O gbọ́dọ̀ jẹ́ RD, dietitian tó forúkọ sílẹ̀, lábẹ́ CDR fún ọdún 2, kí o sì ti fi wákàtí 2000 ṣe iṣẹ́ oúnjẹ ọmọdé láàárín ọdún 5 tó kọjá. Ìwé àṣẹ Nàìjíríà nìkan kò lè gbé ọ dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa bá ọ gbà á láti Ìjẹ̀bú láìjẹ́ RD, owó rẹ ló ń wá.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹ ṣeun, sà. Ẹ gbà mí.

Aǹtí_Ìpẹru
Àwọn ilé iṣẹ́ wàrà tó ń pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Wọ́n ń san owó ọkọ̀, wọ́n ń san owó yàrá.

Màmá_Ẹ̀jìrẹ́_Ìkẹ́nnẹ́
Ìmọ̀ ni ìmọ̀. Ẹni tó ní nǹkan ló ń fúnni.

Nọ́ọ̀sì_SCBU
Rárá o, Màmá, ẹ má bínú sí mi. Láti 1981 ni òfin àgbáyé lórí títa wàrà tí wọ́n fi ń rọ́pò omi ọyàn ti wà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́ ìlera sì wà nínú rẹ̀ kedere. Bí ìyá bá ní omi ọyàn òun kò jáde, orúkọ ọjà tó wà lára pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fún dietitian ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ohun tó yẹ kó wá sí i lọ́kàn ni kó bá ìyá náà fọwọ́ fún ọmú láàárín wákàtí tó tẹ̀lé ìbímọ, kó sì máa fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ ó kéré tán lójúmọ́, àtòru.

Màmá_Ẹ̀jìrẹ́_Ìkẹ́nnẹ́
Mi ò bínú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n fortifier tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ, ṣé kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù
Òótọ́ lẹ sọ, mà. A nílò ọjà náà, a kò nílò hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kà, kì í ṣe ìwé ìpolówó: ml omi ọyàn tí sáṣẹ́ẹ̀tì kan wà fún, àti gíráàmù purotéènì tó ń fi kún un. Bó bá jẹ́ ti 25 ml, tí ọmọ sì ń mu 22.5, ẹ má fojú bu díẹ̀ kúrò nínú ìyẹ̀fun. Ẹ wọn omi ọyàn 25 ml, ẹ po gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ wá fi sírínjì fa 22.5.

Ọmọ_Alárè
Omi ọyàn tí ìyá ń gbé wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ṣàgámù ńkọ́? Oòrùn wa kì í ṣe kékeré.

Nọ́ọ̀sì_SCBU
Wákàtí 4 tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé, yàrá tó tutù dé 25°C ni wọ́n ń sọ. Inú bọ́ọ̀sì wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín láti ilé, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti aago tí wọ́n fún un sára ike. Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, ẹ bá mi bẹ àwọn ìyá àgbà kí wọ́n má fún un dànù. Kódà ọmọ tí kò tíì lè mu nǹkan, 0.1 ml rẹ̀ ni a fi ń pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì.

Ọmọ_Akárìgbò
Ó yẹ kí wọ́n kọ́ni ní pípo F-75 àti F-100 náà, wàrà tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí àìjẹunrekánú mú gan-an, torí ti pákẹ́ẹ̀tì máa ń tán. F-100: wàrà gbígbẹ tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ gíráàmù 80, ṣúgà 50, òróró 60, pẹ̀lú èròjà mineral. Omi sísè tó ti tutù ni kí ẹ bù kún un títí gbogbo rẹ̀ fi *pé* 1000 ml nínú jọ́ọ̀gì. Kì í ṣe kí ẹ da 1000 ml omi lé e. Pure water méjì ni wọ́n máa ń tú sí i, torí pé ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 cl. Oúnjẹ náà á lé ní lítà kan, kálórì inú 100 ml kò sì ní pé 100 mọ́.

Bọ̀dá_Òde
Òróró rẹ̀ ńkọ́! Bí wọn kò bá fi blẹ́ńdà tàbí ìjábẹ̀ lù ú dáadáa, á léfòó. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún á kó gbogbo òróró, èyí tí wọ́n bù fún kẹ́yìn á mu omi ṣúgà.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù
Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi F-100 bẹ̀rẹ̀. F-75 ni àkọ́kọ́, 130 ml lórí kílò lójúmọ́, 100 ml bí ara bá wú gan-an, ní wákàtí méjì méjì tọ̀sán-tòru. Kíndìnrín àti ọkàn ọmọ náà kò tíì lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oúnjẹ bá dé lójijì, potassium àti phosphate inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọmọ tí ojú rẹ̀ ti ń dán lè kú mọ́ ẹni lọ́wọ́.

Màmá_Ẹ̀jìrẹ́_Ìkẹ́nnẹ́
Bí wọ́n bá wá dá a sílẹ̀, ògì lásán ni ilé á padà máa fún un.

Ọmọ_Akárìgbò
Tom Brown, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ fún ọmọ, ni kí ẹ kọ́ wọn, mà. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà òṣùwọ̀n 6, sóyà 3, ẹ̀pà 1. Kí wọ́n yan sóyà náà dénú kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú á máa run ọmọ.

Aǹtí_Ìpẹru
Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọmọ tó wà lórí F-100 ń ṣe dáadáa?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù
Ọmọ kílò 6.2 tó di 6.5 lẹ́yìn ọjọ́ 3: gíráàmù 300, ẹ pín in sí 3, ẹ tún pín in sí 6.2. Ó lé ní 16 lórí kílò lójúmọ́. Bó bá ti ju 10 lọ, ó dára. Bí kò bá tó 5, ẹ wá ìdí rẹ̀: bóyá àìsàn kan ń bẹ lára, tàbí òru ni wọn kì í fún un lóúnjẹ.

Aǹtí_Ìpẹru
Aago mélòó ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n?

Nọ́ọ̀sì_SCBU
Aago kan náà lójoojúmọ́, kó tó jẹun, láìwọṣọ. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ tó gbé ọmọ lé e.