Ìdìbò Missouri lórí ìṣẹ́yún: “Yes” ni àbí “No”?

Ìyá Ìbejì, St. Louis: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra di ọmọ Amẹ́ríkà, èyí ni màá kọ́kọ́ dìbò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣẹ́yún tún ń bọ̀ ní November 2026. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀tọ́ obìnrin dúró, kó mú “Yes” bíi ti 2024. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Columbus: Ẹ kú oríire, mà. Ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn o! Ní 2024, “Yes” ló fi ẹ̀tọ́ náà sínú ìwé òfin Missouri, pẹ̀lú nǹkan bíi 51.6% ìbò. Ní 2025 ni àwọn aṣòfin yín gbé òmíràn kalẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó fẹ́ kó dúró ló ń mú “No”. Wọ́n sì tún so ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọdé tó fẹ́ yí akọ tàbí abo padà mọ́ ọn. Ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ojú wa ti rí i ní Ohio. August 2023, ìbéèrè ìdìbò kan tí wọ́n pè ní “Issue 1” fẹ́ kó jẹ́ pé 60% ni àtúnṣe ìwé òfin máa ní kó tó wọlé. A mú “No”. November, ti ìṣẹ́yún dé, “Issue 1” lòun náà ń jẹ́, àmọ́ “Yes” ló yẹ ká mú lọ́tẹ̀ yẹn! Màmá mi ti kọ “Issue 1, No” sẹ́yìn àpòòwé ọrẹ, ó fi sáàárín Bíbélì. Inú mọ́tò ló ti fà á yọ láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo bi í léèrè. Nǹkan bíi 57% la fi wọlé. Iye yẹn náà ni Florida ní ní 2024, àmọ́ 60% ni tiwọn, ló bá já sí òfo.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ní 2022, lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé Roe, ìdájọ́ tó fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún káàkiri Amẹ́ríkà, mo jókòó ti aboyún kan tí omira rẹ̀ ti ya lóṣù kẹrin. Ó di ọwọ́ mi mú, dókítà sì ń wá lọ́yà lórí fóònù kó tó dá sí i.

Bàbá Tóbi, Houston: Èmi ò fara mọ́ ìṣẹ́yún, ìgbàgbọ́ mi nìyẹn. Ní Texas, ará ìlú ò tiẹ̀ lè gba ìbuwọ́lùwé kiri láti gbé irú èyí síwájú olùdìbò. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí green card, ẹ gbọ́ tèmi: níbi tẹ́ ẹ ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹ sọ pé rárá. Fọ́ọ̀mù N-400 tẹ́ ẹ máa fi tọrọ àtidi ọmọ Amẹ́ríkà máa bi yín bóyá ẹ ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí, bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe é, wọ́n lè torí ẹ̀ lé yín padà sílé.

Ìyá Ìbejì, St. Louis: Ẹ ṣé gan-an. Ìgbà wo ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí níbí?

Nọ́ọ̀sì Columbus: October 7, mà. Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ìdìbò, ẹ má ka àkọlé nìkan.