Ẹ gbà mí o, mọ́tò ìrù ẹlikọ́pítà mi kẹta tún ti jóná

Ọmọ Tanke:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Ọkùnrin kan wà lágbègbè Post Office níbí ní Ìlọrin tó ń ta ẹ̀yà ara nǹkan ìṣeré oníná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jẹ owó mi. Mọ́tò kékeré tó ń yí fáànù ìrù ẹlikọ́pítà onírìmóòtù mi ni mò ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, 4,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, owó kẹ̀kẹ́ lọtọ̀. Èkíní lo ọjọ́ mẹ́rin. Èkejì ò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ̀kẹta, lánàá, kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún lókè tí òórùn jíjó fi gba imú mi, ìrù dákẹ́, ẹlikọ́pítà bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bí òkòtó, ó lọ forí gbá ògiri mọ́ṣáláṣí. Àáfà jáde sí mi, wọ́n ní ṣé wíńdò ilé Ọlọ́run ni mo fẹ́ fọ́. Ojú tì mí, ẹ ò lè mọ̀. Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ó ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù tó ń tẹ̀. Àbúrò bàbá mi ló mú ẹlikọ́pítà yìí bọ̀ láti Dubai, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ìrù ojúlówó, ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà? Ojúlówó ni mo wí o.

Baba Ríwáyà:
O kọ gbogbo èyí, o ò sọ ohun tó kàn. Bátìrì wo lò ń lò? Sẹ́ẹ̀lì mélòó?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìyà o. Èmi náà ra ọkọ̀ onírìmóòtù fáwọn ọmọ mi nígbà Iléyá. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn tiẹ̀ sàn, àgbò tá a so mọ́lẹ̀ ló gé wáyà ṣájà ẹ̀ jẹ. Mo bá ní kí wọ́n lọ máa ta ayò.

Ọmọ Ọ̀fà:
Bọ̀dá, brushless ni kẹ́ ẹ rà. Mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù, bó bá ṣe ń yí ni kábọ́ọ̀nù ń jẹ. Ti brushless ò ní kábọ́ọ̀nù rárá, kí ló fẹ́ jẹ?

Baba Ríwáyà:
Ọmọ Ọ̀fà, rọra. Bọ́ọ̀dù àwọn ẹlikọ́pítà kékeré wọ̀nyẹn, mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe ojú wáyà ìrù ẹ̀ fún. Brushless máa fẹ́ ESC tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí eré mọ́tò. Kì í ṣe pé kéèyàn kàn jó o mọ́ ọn.

Ọmọ Ọ̀fà:
Mi ò sọ pé kó kàn jó o mọ́ ọn.

Ọmọ Tanke:
Ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ má rò pé mi ò mọ lẹ́ẹ̀dì jó o. Ojú ibi tí mo jó dán bíi dígí, mo tún fi rọ́bà bò ó. Ọjà ni ò dáa.

Àáfà Sóbì:
Tú fáànù ìrù náà, kó o wo ìdí irin tó ń yí. Irun orí obìnrin ni mo bá nídìí tèmi, ó lọ́ mọ́ ọn bí òwú mọ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tó o bá ti fò, fọwọ́ kan mọ́tò. Bí ìka ò bá lè dúró lára ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ti ju agbára ẹ̀ lọ nìyẹn.

Baba Ríwáyà:
Sẹ́ẹ̀lì mélòó?

Ọmọ Tanke:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì lè béèrè! Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni, 11.1 volt. Méjì ni èyí tó bá a wá, ó ti wú, ni mo fi pààrọ̀ ẹ̀. Tuntun yìí ń gòkè bí ọta ìbọn. Kì í ṣe bátìrì ló ń pa mọ́tò, torí mọ́tò ńlá tó ń yí bíléèdì òkè ò ṣe nǹkan kan.

Baba Ríwáyà:
Ẹn-ẹ́n. O ò bá ti sọ ọ́ láàárọ̀.
Gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì LiPo kan, irú èyí tó wà nínú bátìrì ẹ yẹn, bó bá kún, 4.2 volt ni. Méjì jẹ́ 8.4, mẹ́ta jẹ́ 12.6. Bíléèdì òkè ń yí lọ sí apá kan, ara ẹlikọ́pítà fẹ́ yí sí apá kejì, fáànù ìrù ló ń dì í mú. O fi agbára kún òkè, ìrù ní láti fi kún tiẹ̀. Gyro, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bí ara ẹ̀ ṣe ń yí, ò mọ àánú, bí imú bá ti fẹ́ yẹ̀, á máa ti mọ́tò ìrù ṣáá ni. Mọ́tò tí ò tó àtàǹpàkò yẹn, 12.6 ló tún ń wọlé sí i lára. Bí volt bá di ìlọ́po kan àbọ̀, ooru tó lè mú wá lè ju ìlọ́po méjì lọ. Mọ́tò ńlá ní ara tó lè gbà á, ìyẹn ò ní.
Padà sí sẹ́ẹ̀lì méjì. Bó bá jẹ́ dandan ni mẹ́ta, kọ́kọ́ wádìí bóyá bọ́ọ̀dù gbà á. Lẹ́yìn náà, fi gíà kékeré tí eyín ẹ̀ kéré sí mọ́tò òkè kí eré ẹ̀ wálẹ̀, kó o wá ra brushless àti ESC fún ìrù.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Àbí kó so mọ́tò ìrù méjì pọ̀, mo ti rí i rí.

Baba Ríwáyà:
Lórí bọ́ọ̀dù yẹn? Bọ́ọ̀dù ló máa wá jó báyìí.

Ọmọ Alámọ̀ Òkèlele:
Ẹ dúró ná. Bátìrì tó wú yẹn, ibo ló wà?

Ọmọ Tanke:
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ṣì ń lò ó nígbà míì, ó ṣì ń fò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí wọ́n bá múná dé lóru ni mo máa ń ki ṣájà bọ̀ ọ́, màá sì sùn. Èmi àti àbúrò mi la jọ wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?

Baba Ríwáyà:
Fi mọ́tò sílẹ̀. Dìde báyìí, gbé e jáde. Má gún un, má tẹ̀ ẹ́, má jù ú sórí pàǹtí tí wọ́n ń sun. Má sì tún ki ṣájà bọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

Ọmọ Alámọ̀ Òkèlele:
Ìkòkò amọ̀ ni kó o wá. Da iyanrìn gbígbẹ sí i, fi bátìrì sáàárín, da iyanrìn bò ó, gbé e síta gbangba. Inú ìkòkò tí wọ́n mọ ní Dada níbí ni mo ti ń ṣáàjì tèmi tó dáa, mo sì máa ń jókòó tì í.

Ọmọ Tanke:
Ẹ̀rù ti bà mí o. Ká sòótọ́, nígbà tí mo ra mọ́tò kejì, ọkùnrin Post Office yẹn wí fún mi pé mọ́tò yẹn ò ṣeé lò fún sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Mo rò pé ó fẹ́ ta bátìrì fún mi ni.

Àáfà Sóbì:
Òun náà lo wá ń pè ní ẹni tó jẹ owó ẹ.

Ọmọ Tanke:
Ẹ má bínú. Mo ti gbé e síta, ó wà lẹ́yìn kànga. Ìkòkò tí mo rí nìkan ni èyí tí Màmá gbin efinrin sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n ń béèrè efinrin wọn.