Ẹ gba ègé inú ìda, ẹ má gba ìwé nìkan

Ìyá Àdùkẹ́ (Montreuil): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Kétu. Ọmọ àbúrò mi nílé, ọmọ ọdún 14, ní kókó dúdú kan lójúgun. Wọ́n gé e ní Àjàṣẹ́. Èsì dé lánàá, wọ́n ní àwọn ò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe. Owó lọ, ọkàn ò balẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Láńre (Lyon): Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni mí, n kì í ṣe dókítà o. Ẹ má bínú sí wọn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Kókó kan wà tó jọ melanoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ara, bí ìbejì. Dókítà Sophie Spitz kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948: lára ọmọdé, ó ń rí bíi jẹjẹrẹ, síbẹ̀ ara ọ̀pọ̀ wọn yá. Dòní olónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì lè wo ègé kan náà kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu.

Ohun tí ẹ ó gbà ni ègé ara tí wọ́n rì sínú ìda. "Bloc de paraffine" ni kí Wálé tó wà nílé bèèrè, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Púrótéènì kókó náà wà nínú rẹ̀, ìwé ò ní nǹkan kan nínú. Níbí ní Faransé, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ púrótéènì kọ̀ọ̀kan kùn ún. Púrótéènì SOX10 àti Melan-A á fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ara ni. Púrótéènì PRAME sábà máa ń hàn lára melanoma, kì í sábà hàn lára àmì lásán. *Sábà* ni mo wí o.

Bó bá ṣì rú wọn lójú, ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn púrótéènì. Dókítà á fàmì sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà wà gan-an, wọ́n á já púrótéènì wẹ́wẹ́, wọ́n á ta iná lésà sí i, ẹ̀rọ á wá wọn bí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Wọ́n á fi wé ti kókó tí a ti mọ̀ pé ó burú àti èyí tí kò burú. Ibi tó ní in ò pọ̀, dókítà ló sì ṣì máa dájọ́.

Alájá (Àjàṣẹ́): Ṣé melanoma kì í ṣe àrùn òyìnbó ni? Bàbá kan wà ní Sábẹ́ tó mọ ewé…

Láńre: Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà tó kú ní 1981. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló ti sábà máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ewé sílẹ̀ ná.

Wálé (Kétu): Ẹ̀gbọ́n Láńre, mo pe ilé àyẹ̀wò Àjàṣẹ́ nípa ègé inú ìda náà. Wọ́n ní àwọn kì í fún èèyàn.

Láńre: Jẹ́ kí dókítà tó gé e kọ lẹ́tà. Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n gé pẹlẹbẹ tín-ín-rín bíi mẹ́wàá sórí gíláàsì, kí wọ́n má kùn ún.

Wálé: Wọ́n ti gbà! Ọjọ́ Ẹtì ni kí n wá. Ṣé kí n ra yìnyín?

Láńre: Rárá. Òwú àti ike kékeré tó. Wo nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa bóyá ó bá ti ìwé mu, kí o ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó kúrò níbẹ̀. Má sì gbé e síwájú ọkọ̀ nínú oòrùn Pọ́bẹ̀ yẹn o, ìda ni.