Orúkọ lára fìlà lójú agbo: ṣé ọwọ́ ni àbí ẹ̀rọ?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí abẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà.

Ìyá ìyàwó kan fẹ́ kí n wá jókòó síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn ní Erékùṣù Èkó, kí n máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ orúkọ àwọn àlejò sára fìlà lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tèmi ní Yábàá, ó sì ń gba àkókò. Lórí aṣọ òkè, òwú a máa fà bí mi ò bá tẹ́ sítéè, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ tó ń mú aṣọ le, sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ yá ní tiẹ̀, àmọ́ lẹ́tà inú èyí tí mo fẹ́ háyà kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ṣé kí Fọláṣadé wá di Folásadé lórí fìlà olówó ńlá? Mi ò lè gbà á. Bí mo ṣe ń ṣe àmì yẹn ni pé n óò wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, n óò sì gún un padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Ó máa ń dúró bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣé kí ẹ̀rọ kọ lẹ́tà, kí ọwọ́ parí rẹ̀? Ṣé wákàtí lẹ fi ń gbowó ni, àbí iye orúkọ?

Mo tún ń fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán ọ̀sà Èkó fún ara ògiri, mo sì fẹ́ gbé e lọ sí Nike Art Gallery, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà, ní Lẹ́kí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá ń rí mi lóde àríyá, wọn ò ní kà á sí iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe méjèèjì pọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Sátidé ni mo gbọ́dọ̀ dá màmá lóhùn.